Tábìlì Tí A Tẹ́ Fún Alààyè

Sevilla, ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, ọdún 1975

Ẹ̀gbọ́n mi Anselmo,

Mo kí yín o. Mo kí ìyàwó yín Saturnina, mo kí àwọn lámà tó ń ru ẹrù yín, mo sì kí oko àgbàdo bàbá wa tí ẹ kò jẹ́ kó di igbó. Ara mi le. Àyà nìkan ló ń dùn mí díẹ̀ nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ òtútù ibí kò tó nǹkan kan lára ti òkè wa.

Ẹ wá ibi jókòó sí kí Toribio tó ka èyí fún yín. Ẹ mọ̀ pé oṣù tó kọjá ló pé àádọ́jọ ọdún tí ogun ọba ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní pápá Ayacucho, tí ilẹ̀ Peru kò fi bọ́ lọ́wọ́ ọba Sípéènì. Wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá níbí. Wọ́n ní kí wọ́n mú ọmọ ìbílẹ̀ kan láti àgbègbè kọ̀ọ̀kan tí ọba ní lókè òkun, kí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀pá àṣẹ ìlú rẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi níbi tí a ti ń rán gàárì fún ẹṣin ààfin ló dárúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ọba gbé ọ̀pá àṣẹ Sarapata fún. Wọ́n fi fàdákà bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Ọba bi mí bóyá òjò ń rọ̀ dáadáa nílé. Mo ní ó ń rọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń rọ̀.

Nígbà tí ọdún yìí bá ń parí lọ, mo ń bọ̀ wálé, kì í sì í ṣe ìbẹ̀wò. Lọ́jọ́ kìíní ọdún tuntun, èmi ni n ó di ọ̀pá náà mú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kun yàrá bàbá wa, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àgbà mọ̀. Àwòrán tí ìwé ìròyìn yà wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo bí ọba ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Èmi àbúrò yín tó ń fi yín yangàn,
Crisanto


Sarapata, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ọdún 1975

Àbúrò mi Crisanto,

Èmi Anselmo ló ń sọ̀rọ̀, Toribio tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ ọ́. Bí o bá bá ọ̀rọ̀ líle pàdé, èmi ni mo sọ ọ́, má bínú sí i. A dúpẹ́ pé o wà láàyè. Lámà méjì kú nínú òtútù. Ẹsẹ̀ Saturnina ń wú. Ìwọ kò béèrè ẹsẹ̀ tèmi, nítorí náà n kò ní sọ bó ṣe wà.

Mo gbọ́ ti ọ̀pá. Ó dára. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ló ń fun fèrè níwájú àwọn àgbà láti kékeré, tó ń sáré jíṣẹ́ láti òkè dé òkè? Èmi ni. Ta ló ṣọ́ oko ìlú kí ẹran má bàa jẹ ẹ́? Èmi ni. Ta ni olórí àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ipa omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yìnyín? Ta ló bọ́ gbogbo ìlú lọ́jọ́ àjọ̀dún Isidro Mímọ́, tó fi akọ màlúù tó fi ń kọ oko ṣe ọbẹ̀ fún wọn? Àkàbà là ń gùn ní Sarapata, o sì mọ̀. Ẹnìkan kì í fo igi rẹ̀ kan. Ọ̀pá ni igi òkè pátápátá. Àwọn àgbà ti sọ fún mi pé èmi ló kàn lọ́dún tuntun tó ń bọ̀, èmi ọmọ àgbẹ̀, tí n kò mọ̀wé, tí n kò kúrò lẹ́yìn oko bàbá mi rí.

Ìwọ fo gbogbo rẹ̀. O jókòó sórí àpótí ní Sevilla, ò ń gún awọ ní abẹ́rẹ́, ọba kan wá na ọ̀pá sí ọ. Ọba náà kò mọ ibi tí omi wa ti ń ṣàn. Kò mọ ẹni tó ń gba omi lọ́jọ́ Ajé àti ẹni tó ń gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí o bá fẹ́ràn mi, fi aṣọ dì í, kí o fi ránṣẹ́. N ó bá ọ dì í mú. Bí o bá sì fẹ́ wá, máa bọ̀, a ó fún ọ ní ọtí àgbàdo àti àga.

Irúgbìn ọ̀dùnkún ló wà nínú yàrá bàbá wa. Irúgbìn kò lè sun ìta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Anselmo Huarcaya


Sarapata, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje, ọdún 1975

Crisanto,

A kí ọ o. A ti kó ọ̀dùnkún, a ti tẹ́ ẹ síta kí òtútù pa á, a ti fi ẹsẹ̀ tẹ omi ara rẹ̀ jáde kó lè gbẹ. Ìwọ kò fèsì. Bóyá ìwé rẹ sọnù lójú omi. Bóyá ìwọ ni o kò kọ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwòrán rẹ fi ojú mi rí. Saturnina mú un lọ han àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ère Isidro Mímọ́. Wọ́n ń já òdòdó síwájú yín méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ ẹni mímọ́ pé kó bá wa dá yìnyín dúró, mo gbójú sókè, ìwọ ni mo rí, tí ò ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí mi. N kò parí àdúrà náà.

N kò ní orúkọ mọ́ nílùú yìí. “Ẹ̀gbọ́n Crisanto” ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tí a bí lánàá ń pè mí bẹ́ẹ̀. Eleuterio, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, tí eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, dá mi dúró létí ipa omi. Ó ní, “Anselmo, ọwọ́ tó bọ ọba lọ́wọ́ ti wọ ilé yín, kí ló wá dé tí ò ń fajú ro bí ẹni tí yìnyín pa oko rẹ̀?” Mo ní ọwọ́ kankan kò wọ ilé wa, àwòrán ọwọ́ ló wọlé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú omi. Kò sì sọ fún mi mọ́ pé èmi ló kàn.

Saturnina gan-an ni mo gbọ́ tó ń sọ nídìí ààrò pé Crisanto máa ń mọ ọ̀rọ̀ sọ láti kékeré. Obìnrin tí mo fẹ́, tó ń jẹ àgbàdo mi.

Kọ̀wé. Bó bá jẹ́ pé èébú lo fẹ́ kọ, kọ ọ́.

Anselmo


Sarapata, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, ọdún 1975

Crisanto,

N kò kí ọ lónìí. Nicanor tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù dé láti ìlú ajẹ́lẹ̀. Ó ní rédíò ọba sọ ọ́ pé ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀pá wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ń yí ká gbogbo Sípéènì, wọ́n ń fi ìlù pàdé yín ní ìlú dé ìlú. Ó ní wọ́n dárúkọ rẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ pàtẹ́wọ́.

Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá àìsàn ni. Kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó ní ọwọ́ láti fi bọ ọba lọ́wọ́, tí kò ní ọwọ́ láti fi kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òkú ni. Bí Ọjọ́ Àwọn Òkú bá dé lóṣù tó ń bọ̀ tí n kò tíì rí ìwé rẹ, n ó mọ ibi tí n ó kà ọ́ sí.

Toribio ní kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn kan parí rẹ̀. N kò ní.

Anselmo


Cádiz, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, ọdún 1975

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ìwé yín ti oṣù Kẹta ló bí mi nínú. “Fi aṣọ dì í, kí o fi ránṣẹ́,” bí ẹni pé wàràkàṣì ni. Mo ní n kò ní fi ìbínú kọ̀wé, ìbínú náà sì pẹ́ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa sọ́kọ̀ ojú irin. Nígbà tí mo padà dé ni mo bá ìwé yín yòókù lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka èyí tó kẹ́yìn ṣáájú.

Mo ti tẹ́rí gba ẹ̀bi pé mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá, ìdáhùn mi kò yí padà. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sínú ìwé tó bá a wá.

Ọkọ̀ òkun wa ń gbéra lọ́la. Mo fi ìwé yìí sínú ọkọ̀ òfuurufú kó lè ṣáájú mi. N ó wà ní Lima láàárín oṣù Kejìlá, ní ilé tí àwọn arángàárì máa ń wọ̀ sí. Ẹ kọ̀wé sí mi níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi fèrè pàdé mi lórí afárá, bí wọ́n ti ń pàdé ẹni tó ń bọ̀ wá gba ọ̀pá. Ẹ bá mi kó ọ̀dùnkún yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́.

Àbúrò yín,
Crisanto


Sarapata, ọjọ́ ogún oṣù Kọkànlá, ọdún 1975

Crisanto,

Nígbà tí ìwé rẹ fi dé, a ti palẹ̀ tábìlì mọ́.

Mo tẹ́ tábìlì fún ọ. Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ń tẹ́ ẹ fún òkú wọn, mo tẹ́ tìrẹ. Ìlú wá, bí wọ́n ti ń wá sí gbogbo ilé. Wọ́n gbàdúrà, Fadá wọ́n omi, wọ́n jẹ oúnjẹ tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n sì sọ pé kí o sùn re. Àwọn kan sunkún. Mo fẹ́ kó ta ọ́ lára ni. Mo rò pé Toribio yóò kọ ọ́ sí ọ, ara yóò ta ọ́, ìwọ náà yóò sì kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n Sarapata kì í fi tábìlì ṣeré, ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Mo mú ìwé rẹ lọ bá àwọn àgbà. Mo ní ẹ wò ó, ó wà láàyè, ó ti wọkọ̀. Eleuterio bi mí bóyá kì í ṣe èmi ni mo tẹ́ tábìlì. Mo ní èmi ni. Ó bi mí bóyá àwọn kọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́. Mo ní àwọn ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ tábìlì rẹ̀ ti kúrò láàárín alààyè, ìwé kò lè dá a padà. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú àwọn tó ń gba omi. Wọ́n ti yọ àwòrán rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Isidro Mímọ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń tan àbẹ́là fún òkú.

Ní ti ọ̀pá, wọ́n ní ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ ló ni ín. Gbogbo wọn wò mí. N kò sọ pé mo fẹ́. N kò sì sọ pé n kò fẹ́.

Nítorí náà, fún Nicanor ní ọ̀pá náà nígbà tó bá wá sí Lima, kí ìwọ sì dúró níbẹ̀. Wọ́n ní ìlú náà dára. Ẹ̀bi rẹ ni. Ìwé kan péré lo ní láti kọ.

Anselmo


Lima, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, ọdún 1975

Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ṣe pé òkú ṣì lè pe ènìyàn bẹ́ẹ̀,

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ka ìwé yín, ẹrù mi ṣì wà lórí. Ẹni tó ni ilé bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n kọ̀wé láti ilé pé mo ti kú. Ó ní ṣé n kò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ nìyẹn.

Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni owú ń jẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ ni mo ti ń jowú yín. Gàárì ẹṣin ẹlòmíràn ni mo rán títí ojú mi fi ń ṣú, ẹ̀yin sì wà lórí ilẹ̀ wa, ẹ̀yin lẹ gbọ́ tí omi ń bọ̀ láàárọ̀. Saturnina ń se ọbẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ di orí bàbá wa mú nígbà tó ń kú lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó sọ kẹ́yìn. Mo kọ̀wé béèrè, ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọ̀pá yìí ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní láyé tí ẹ kò ní, ẹ sì pa mí nítorí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìwé ọba wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá gbé e tọ ajẹ́lẹ̀ lọ, yóò fi sójà tẹ̀lé mi wá sí Sarapata, wọn yóò sì sún yín kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ayé. Mo ti wọ aṣọ láti lọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún bọ́ ọ. Ohun kan ló dá mi dúró. Kí lẹ gbé sórí tábìlì yẹn? Ẹ má purọ́ fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni yóò jẹ́ kí n mọ ọ̀nà tí n ó gbà.

Crisanto


Sarapata, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá, ọdún 1975

Àbúrò mi,

Toribio ní kí n má dáhùn, ó ní ìbéèrè ilé ẹjọ́ ni. Mo ní kó máa kọ.

Mo gbé cuy kan, òkété ilé wa, síbẹ̀, èyí tó sanra jù nínú àwọn tí Saturnina ń sìn lẹ́bàá ààrò. Ó yan án, a kọ orí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ọ̀dùnkún pupa kéékèèké ti oko òkè síbẹ̀, èyí tí o máa ń jẹ tèèpo tèèpo tí màmá wa fi ń gbá ọ létí. Wàràkàṣì tuntun. Àgbàdo yíyan. Ọtí àgbàdo, èyí tí mo fúnra mi tọ́ wò. Gbogbo ilé ló ń mọ búrẹ́dì wọn bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe tiwa mọ ẹṣin, kó sì di gàárì sí i lẹ́yìn. Ó ní òun kò rí gàárì búrẹ́dì rí. Mo dúró tì í títí ó fi ṣe é. Gàárì náà wọ́ díẹ̀ nínú ààrò.

Lábẹ́ tábìlì, mo gbé bàtà kan síbẹ̀. Bàtà awọ tuntun, tí n kò tíì tẹ ẹsẹ̀ bọ̀, tí mo ń tọ́jú de ọjọ́ tí n ó gba ọ̀pá. O kò wọ bàtà lọ́jọ́ tí o kúrò nílé, ọ̀nà òkú sì jìn. Wọ́n sun ún bí àṣà ti wí.

Saturnina wo tábìlì náà títí, ó ní ti bàbá wa kò tó báyìí. Mo ní kó panu mọ́. Bí mo ti jókòó tì í, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ. Ta ni yóò tẹ́ irú rẹ̀ fún mi? Èmi àti Saturnina kò bímọ. Ìwọ nìkan ló kù tó lè ṣe é, mo sì ti pa ọ́.

Ohun tí bàbá wa sọ kẹ́yìn nìyí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, omi tí mo fún un ṣì wà ní ètè rẹ̀. Ó la ojú, ó ní, “Ṣé Crisanto ti dé?” Kò sọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ fún ọ. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́?

Ó tán. Wàyí o, gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ. Eleuterio ní láyé bàbá òun, ọkùnrin kan sọnù sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa fàdákà. Wọ́n tẹ́ tábìlì fún un, ó sì padà wá. Wọn kò jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n lu ihò sí ògiri ẹ̀yìn, ó rá gba ibẹ̀ bọ́ sínú ilé bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ wé e, bàbá ìsàmì rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà ó di alààyè, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni. Ìdí àkàbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi Fadá. Ó ní a kì í ṣe ìsàmì fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, pé òun yóò kàn wọ́n omi díẹ̀, òun kò sì ní sọ ohun tí omi náà jẹ́.

Yan èyí tó wù ọ́. Bí o bá lọ bá ajẹ́lẹ̀, sójà yóò mú ọ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọ̀pá yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n a kì í kí òkú bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, o mọ̀. Ìwọ yóò máa pín omi fún àwọn tí kò ní dá ọ lóhùn.

Bí o bá sì gba ti ògiri, mo ti lù ú. Ìlú wá bàbá ìsàmì fún ọ, kò sí ẹni tó fẹ́ arúgbó lọ́mọ. Mo ní èmi yóò ṣe é. N kò ní tàn ọ́: lọ́jọ́ kìíní ọdún, èmi ni n ó di ọ̀pá yẹn mú. Mo fẹ́ ẹ, n kò sì tijú pé mo fẹ́ ẹ. Ìwọ ni o ó máa fun fèrè níwájú mi.

Láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, òkè ni, àṣà kò sì gbà kí ọmọ tuntun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn ọ̀dọ́. Mo wo àwòrán rẹ dáadáa, oúnjẹ ọba ti bá ọ lára mu. Dín oúnjẹ kù ní Lima.

Anselmo


Wáyà láti Lima, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 1975

Sí Anselmo Huarcaya, Sarapata.

Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé, ọbẹ̀ lásán ni mò ń mu. Mo bá Nicanor wọkọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ihò náà fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ọmọ yín,
Crisanto